Ilé Tí Kò Dáhùn Àgò

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá ọdún 2024, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn kan ní àdúgbò Àgọ́ Palace, ní Òkòta, ní ìlú Èkó, mo sì ké sí onílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ mi láti kékeré pé, "Ẹ àgò onílé o!" Ẹnikẹ́ni kò dá mi lóhùn. Mo tún un ké lẹ́ẹ̀kejì. Àbúrò mi tí ó wá pàdé wa ní ibùdókọ̀ Cele ni ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tí yóò dá yín lóhùn níbí o. Nọ́ńbà ni a óò tẹ̀." Ó na ìka sí ohun kékeré kan tí wọ́n kàn mọ́ ara ilẹ̀kùn, ó tẹ nọ́ńbà mẹ́fà tí ẹni tí ó ni ilé náà ti fi ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ṣí. Èmi, ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì wọlé. Ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni a torí rẹ̀ kúrò ní Ìbàdàn, ọjọ́ mẹ́rin ni a óò sì lò. A lo ọjọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà tán, a kò fi ojú kan ẹni tí ó gbà wá ní àlejò.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Èkó ń pè ní ṣọ́tíléètì: ilé tí ènìyàn yá fún ọjọ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta tàbí ọ̀sẹ̀ kan, tí gbogbo ohun èlò ti wà níbẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé orí ṣíbí tí a fi ń po tíì. Kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì, nítorí kò sí ẹni tí ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láti gba àlejò. Kì í sì í ṣe ilé ẹbí, nítorí owó ni a fi wọ inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ojú ọ̀nà Àgọ́ Palace yóò mọ̀ pé kò yẹ kí ó ya ènìyàn lẹ́nu bí irú ilé yìí bá pọ̀ níbẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì àti ilé ọtí ni ó tò lọ bẹẹrẹ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà. Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà kò jìnnà sí i. Ọjà Trade Fair, ọjà Ládìípọ̀ àti ọjà Aláàbà kò sì ṣòro láti ibẹ̀ dé. Nítorí náà, kì í ṣe àwọn tí ó ti London tàbí Houston dé fún fàájì oṣù Kejìlá nìkan ni ó ń wọ̀ sí ibẹ̀. Oníṣòwò tí ó wá ra ọjà wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹbí tí ó wá sin òkú tàbí tí ó wá ṣe ìyàwó. Mo sọ èyí kí ó má baà dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan ni mo ń sọ.

Orúkọ àdúgbò náà pàápàá tó ohun tí à ń ronú lé lórí. Nínú èdè wa, àgọ́ ni ibi tí ènìyàn pa láti fi orí pamọ́ sí fún ìgbà díẹ̀: àgọ́ ọdẹ, àgọ́ ológun, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé. Òmíràn a máa di ìlú nígbà tí ó bá yá. Àgọ́-Ìwòyè di ìlú. Àgọ́-Ọ̀jà ni Aláàfin Àtìbà sọ di Ọ̀yọ́ ní àwọn ọdún 1830, nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ń tú lọ. Ní ti "Palace", ààfin ni, ilé tí a kọ́ kí ó lè pẹ́ ju ọba tí ó ń gbé inú rẹ̀ lọ. N kò sọ pé ẹni tí ó kọ́kọ́ so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ ro gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n n kò tí ì rí orúkọ tí ó bá ṣọ́tíléètì mu jù ú lọ: àgọ́ ni ní ti iye ọjọ́ tí a óò lò níbẹ̀, ààfin ni ó sì ń pe ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń yẹ ìwé tàbí eré orí ìtàgé wò kí a tó sọ èyí tí ó dára níbẹ̀ àti èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó, bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé a lè yẹ ilé tí a ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ wò, nítorí ẹni tí ó to àga àti bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ de àlejò ń bá àlejò náà sọ̀rọ̀, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Àga onítìmùtìmù aláwọ̀ eérú ni ó gba ìdajì pálọ̀ tí a wọ̀ sí. Àrán ni wọ́n fi bò ó, nínú ooru Èkó! Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán fẹ̀ tó ilẹ̀kùn. Koríko oníke bo ògiri kan láti òkè dé ilẹ̀, iná aláwọ̀ pupa sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí àárín koríko náà pé kí àlejò máa jẹ ayé. Iná tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn fara pamọ́ sínú àjà, ó ń yí àwọ̀ padà bí alágẹmọ. Àwòrán ilé gogoro New York ni wọ́n fi kọ́ sí òdìkejì. Nínú yàrá, mo ka ìrọ̀rí méje lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo; méjì péré nínú wọn ni orí ènìyàn lè gbà. Àwọn márùn-ún yòókù kàn wà níbẹ̀ láti jókòó ni, a sì ní láti kó wọn sílẹ̀ ní alaalẹ́ kí a tó lè sùn, kí a sì tún kó wọn sórí àga ní òwúrọ̀ kí ọmọ má baà tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

Ilé ìdáná ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ìyàwó mi fẹ́ ro àmàlà ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Kò rí omorogùn. Kò rí ìkòkò tí ó lè gba àmàlà ẹni mẹ́rin. Kò sí ọlọ, kò sí odó kékeré tí a fi ń gún ata, kò sí abọ́ tí ó jinnú tó láti gba ọbẹ̀ ewédú kí ó má ṣàn dànù. Àwo funfun pẹlẹbẹ mẹ́rin ni ó wà níbẹ̀, àti ife ọtí wáìnì mẹ́fà tí ẹsẹ̀ wọn gùn tó ẹsẹ̀ lékeléke. Ní Òkòta ni o! Ní àdúgbò tí òórùn ẹja yíyan àti ẹran sísun ń gbà lójú fèrèsé wọlé láti agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́.

Mo bi ara mi léèrè pé ta ni wọ́n ṣe gbogbo ọ̀ṣọ́ yìí fún. Kì í ṣe fún ẹni tí yóò sùn níbẹ̀, kì í sì í ṣe fún ẹni tí yóò jẹun. Ẹ̀rọ ayàwòrán ni wọ́n ṣe é fún. Ẹni tí ó jókòó sí London tí ó ń wá ilé sí Èkó kò lè fi ọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì. Àwòrán mẹ́wàá tàbí méjìlá lójú fóònù ni yóò wò, ohun tí ó bá rí níbẹ̀ ni yóò sì sanwó sí. Àwòrán kò lè fi hàn án bóyá omi ń jáde dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ. Kò lè fi ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé kejì hàn án, kò sì lè jẹ́ kí ó gbọ́ òórùn ọ̀rinrin tí ń bẹ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ibi tí àwòrán lè dé ni onílé ń náwó sí. Yóò lọ sí Mushin lọ ṣe àga, yóò ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ní Aláàbà, yóò ra táìlì àti ọpọ́n ìwẹ̀ ní Odúnadé ní Coker, yóò ra kọ́tìnnì ní Balógun, yóò sì pe ayàwòrán. Òwò ni ó ń ṣe. Kì í ṣe òmùgọ̀. N kò bá a wí nítorí pé ó fẹ́ jèrè.

Kì í ṣe Èkó nìkan ni ọ̀ràn náà wà. Ní ọdún 2016, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Kyle Chayka, kọ àròkọ lórí bí ilé àlejò, ilé kọfí àti ọ́fíìsì ṣe ń jọ ara wọn káàkiri àgbáyé, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn kí ó má mọ̀ pé òun ti kúrò níbi tí òun wà. Ó pe irú ibi bẹ́ẹ̀ ní AirSpace. Ohun tí ó rí ni pé ẹnikẹ́ni kò pàṣẹ pé kí wọ́n jọra. Àwọn onílé ń wo àwòrán ara wọn ni, wọ́n sì ń ṣe èyí tí wọ́n rí pé ó ń tà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí ó mú ti Àgọ́ Palace yàtọ̀. Àga eérú àti bẹ́ẹ̀dì funfun wá láti ibi tí ojú ọjọ́ tutù, tí eruku kò pọ̀, tí omi ẹ̀rọ sì mọ́ bí ojú ẹyẹlé. Ní ibẹ̀, ọ̀ṣọ́ náà lè rọrùn láti tọ́jú. Níhìn-ín, ìyà ni. N óò padà sórí èyí láìpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìgbà tiwa ni a kọ́kọ́ ń to ilé sílẹ̀ de àjèjì. Ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ìjọba kọ́ ilé ìsinmi sí àwọn ìlú ńláńlá fún òṣìṣẹ́ wọn tí ó ń rin ìrìn àjò. Rẹ́sítì Háòsì ni a ń pè é. Ilé iṣẹ́ P.W.D. ni ó ń ṣe àga àti tábìlì irú ilé bẹ́ẹ̀, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀ láàrin àga ìlú kan àti ti èkejì. Ẹ ò rí i pé ìjọra kì í ṣe nǹkan tuntun. Àga P.W.D. kò lẹ́wà, bí ó ti rí gbàgìdì ni ó wà títí di òní nínú pálọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣe é ti ronú nípa ẹni tí yóò nù ún: igi líle ni, tìmùtìmù rẹ̀ ṣe é yọ, aṣọ ara rẹ̀ ṣe é bọ́ fọ̀.

Kò jìnnà sí Àgọ́ Palace rárá ni Festac wà, odidi ìlú tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ nítorí àlejò. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kíní títí di ọjọ́ 12 oṣù Kejì ọdún 1977 ni àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú wáyé ní Èkó, ibẹ̀ sì ni wọ́n fi àwọn òṣèré àti akọrin tí ó ti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè wá wọ̀ sí. Nígbà tí àlejò lọ tán, ilé di ti àwọn ará ìlú. Ìdílé wọlé síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n gbin ògò ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní Àgọ́ Palace lónìí lòdì sí èyí pátápátá: ilé tí ìdílé ń gbé ni a ń sọ di ti àlejò. Mo lè jẹ́rìí sí i. Àbúrò mi tí ó tẹ nọ́ńbà fún wa lẹ́nu ọ̀nà ti gbé ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Òkòta fún ọdún mẹ́sàn-án, ibẹ̀ ni gbogbo wa sì máa ń wọ̀ sí bí a bá ní ìnáwó ní Èkó. Ní ọdún 2023, lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ ní kí ó kó jáde. Ó ti ṣírò ohun tí yóò pa bí ó bá ń fi ilé náà yá àlejò lójoojúmọ́, ó sì rí i pé ó ju owó ọdún tí àbúrò mi ń san lọ fíìfíì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni àbúrò mi wà báyìí ní ọ̀nà Ìkọ̀tún. Kò ní àyè tí ó lè gbà wá mọ́. Ìdí nìyí tí àwa fúnra wa fi lọ yá ṣọ́tíléètì. Bí a bá tú okùn ọ̀rọ̀ yìí dé ìdí, owó tí a san ń gba àwọn lánlọ́ọ̀dù mìíràn níyànjú láti ṣe ohun tí wọ́n ṣe fún àbúrò mi. N kò rí ọ̀nà tí mo lè gbà yọ ara mi kúrò nínú ẹ̀bi náà.

Ohun tí ó tún jẹ́ kàyéfì ni ibi tí òwò yìí ti ṣẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì kan, Brian Chesky àti Joe Gebbia, tí owó ilé ń ni lára ní San Francisco, tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí a ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú sílẹ̀ nínú ilé wọn, wọ́n sì gba àlejò mẹ́ta tí ó wá sí ìpàdé kan nílùú náà. Orí bẹ́ẹ̀dì afẹ́fẹ́ náà ni wọ́n ti mú orúkọ Airbnb, ilé iṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2008. Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí ó wà níbẹ̀: onílé wà nílé, àlejò sùn sílẹ̀, oúnjẹ àárọ̀ wà. Yàtọ̀ sí owó tí wọ́n gbà, ohun tí ìyá mi ń ṣe ní Ìbàdàn gan-an nìyẹn nígbà tí ó bá tẹ́ ẹní fún ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá. Bí òwò náà ti ń gbòòrò, onílé ń kúrò nílé díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ń ga sí i, ìrọ̀rí ń pọ̀ sí i.

Èyí ni ó mú mi dé ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an. Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún ohun tí a ń ṣe sí àlejò àti ohun tí a ń ṣe sí ilé. A ń tọ́jú àlejò. A ń tọ́jú ilé. A ń tọ́jú aláìsàn pẹ̀lú, a sì ń tọ́jú owó. Ọ̀ṣọ́ yàtọ̀. Ọ̀ṣọ́ ni ohun tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan tí a sì dúró wò. Ìtọ́jú ni ohun tí a óò ṣe lónìí, tí a óò tún ṣe lọ́la, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní í rí àfi bí a kò bá ṣe é. Àléébù ilé tí a wọ̀ sí ni pé wọ́n kó gbogbo owó lé ọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìtọ́jú.

Ẹ gba omi yẹ̀ wò. Omi inú ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ apá Èkó ní irin nínú. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á jáde láti inú kànga, yóò mọ́ gaara. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i díẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò dógùn-ún, omi yóò sì pọ́n. Ènìyàn lè ra asẹ́ omi láti fi mú irin náà kúrò, ṣùgbọ́n asẹ́ náà ń fẹ́ fífọ̀ àti pípààrọ̀ lóòrèkóòrè, kò sì hàn nínú àwòrán. Ọpọ́n ìwẹ̀ funfun ni ó ń hàn. Nítorí náà, wọ́n ra ọpọ́n ìwẹ̀ funfun, wọ́n ra táìlì funfun, wọ́n ra tówẹ̀lì funfun, wọ́n sì fi gbogbo rẹ̀ sábẹ́ omi tí ó ń pọ́n. Nígbà tí a ó fi di ọjọ́ kejì, ipa pupa kan ti là láti ẹnu ẹ̀rọ dé ojú ihò ọpọ́n.

Obìnrin tí ó ń wá tún ilé náà ṣe ni ó jẹ́ kí n mọ gbogbo èyí. Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pè é. Ó wá ní ọjọ́ kẹta láti wá pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìyàwó mi fún un ní oúnjẹ, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú sí ọpọ́n ìwẹ̀ yẹn o. Mo ti fi bílíìṣì fọ̀ ọ́ títí, ọwọ́ mi ti bó. Ohun funfun ni wọ́n fẹ́, omi ò sì fẹ́ funfun." Agogo méjìlá ọ̀sán ni àlejò ń jáde, agogo méjì ni òmíràn ń wọlé, láàrin wákàtí méjì náà ni yóò fọ ilé ìwẹ̀, tí yóò nu àrán àga, tí yóò ka ife wáìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí yóò sì to ìrọ̀rí méje bí wọ́n ti wà nínú àwòrán. Ẹ̀dà àwòrán náà wà lórí fóònù rẹ̀ kí ó má baà ṣì í tò. Ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje tí òjò kì í jẹ́ kí aṣọ gbẹ, ó ń fi áyọ́ọ̀nù gbẹ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bí iná bá sì lọ, á ká a lé orí bẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rinrin, nítorí ìpààrọ̀ méjì péré ni onílé rà. Bí ó bá ra mẹ́rin ni, aṣọ á rí àyè gbẹ. Mo bi í léèrè iye tí wọ́n ń san fún un lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ ọ́ fún mi. Kò tó ra ọ̀kan nínú ìrọ̀rí méje náà.

Ọ̀rọ̀ iná jọ ti omi. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba ti sún owó iná àwọn tí ó wà ní ìpele A láti náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n kan, àti láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, kò sí onílé tí àyà rẹ̀ kì í já bí àlejò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ tí ó sì jáde lọ sí òde ìyàwó. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó gbà sọ ọ́ fún wa ni ó dùn mí. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, òfin mọ́kànlá ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ẹ kò gbọdọ̀": ẹ kò gbọdọ̀ ṣe àríyá, ẹ kò gbọdọ̀ gba àlejò mìíràn, ẹ kò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ amúlétutù bí ínfátà bá ń ṣiṣẹ́. Èyí tí ó kẹ́yìn ni iye tí wọn yóò yọ nínú owó ìdógò wa fún tówẹ̀lì tí ó bá ní àbàwọ́n. Kò sí ibi kankan nínú ìwé náà tí wọ́n ti sọ pé "ẹ kú àbọ̀". Ní ilé wa, omi ni a kọ́kọ́ ń fún àlejò kí a tó bi í ní ohun tí ó bá wá. Àgbá omi mímu wà ní ilé ìdáná lóòótọ́, lórí ẹ̀rọ tí ó ń mú omi tutù. Òfìfo ni.

Síbẹ̀, n kò ní í darapọ̀ mọ́ àwọn tí ó ń fi ẹnu wúra sọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń gba àlejò láyé àtijọ́. Mo dàgbà nínú ilé tí àlejò kì í wọ́n, mo sì mọ ẹni tí ó ń san owó rẹ̀. Àwa ọmọdé ni a ń kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì tí a sì ń sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ìyàwó ilé ni ó ń jí ní agogo mẹ́rin òru láti gbé omi ká iná. Àlejò pẹ̀lú kò bọ́: ó gbọ́dọ̀ jẹ ohun tí wọ́n bá gbé fún un, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lórí ìdí tí kò fi tí ì lọ́kọ tàbí tí kò fi tí ì bímọ, ó sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ọmọbìnrin kan nínú ẹbí wa tí ó ń gbé ní Peckham sọ fún mi pé ìgbà tí òun bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ sí ṣọ́tíléètì ni òun tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn ìpadàbọ̀ òun sílé, nítorí òun lè kí gbogbo ẹbí ní ọ̀sán, kí òun sì padà lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní í kàn ní ilẹ̀kùn ní alẹ́. Ohun iyebíye ni èyí, pàápàá fún obìnrin. Bí mo bá ń bu ẹnu àtẹ́ lu ilé Àgọ́ Palace yìí, kì í ṣe nítorí pé ó gba owó lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tí ó sanwó lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ju ẹni tí kò san lọ.

Àwọn kan yóò ní àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí á kó àṣà wa sínú ilé: kí á yọ àwòrán New York, kí á fi àdìrẹ Abẹ́òkúta àti aṣọ òkè Ìsẹ́yìn rọ́pò rẹ̀. Onílé tiwa ti gbìyànjú èyí. Méjì nínú ìrọ̀rí pálọ̀ ni ó fi àdìrẹ bò, wọ́n sì rẹwà lójú. Aró wọn kò tí ì dúró. Ìyàwó mi fi léèsì funfun jókòó tì wọ́n fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀ ìgbéyàwó, ó sì gbé àdìrẹ tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ẹ̀yìn. (A rẹ́rìn-ín nígbà tí ó yá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní òwúrọ̀ náà.) Kì í ṣe àṣìṣe aláró, ẹni tí ó bá mọ àdìrẹ mọ̀ pé ó yẹ kí a fi omi ṣàn án títí aró yóò fi dẹ́kun ṣíṣí. Ẹni tí ó rà á fún àwòrán kò nílò àtifọ̀ ọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹní Ògòtún ni ó tẹ́ sílẹ̀ dípò kápẹ́ẹ̀tì onírun tí ó gba gbogbo eruku ọyẹ́ mọ́ra, a ò bá yìn ín. Ẹní tutù sí ẹsẹ̀, ó ṣe é fi aṣọ tútù nù, ọmọ lè sùn sí i ní ọ̀sán, Ìyá Ìbejì lè gbé e sí oòrùn fún ìdajì wákàtí. Kì í ṣe nítorí pé ó jẹ́ ti Èkìtì ni ó fi dára ju kápẹ́ẹ̀tì náà, bí kò ṣe pé àwọn tí ó ń gbé irú ilẹ̀ àti irú ooru yìí ni ó hun ún fún lílò ara wọn.

Ó dà bí ẹni pé àwọn kan lókè òkun ti ń mọ ohun tí ó sọnù. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú òfin wọn ṣẹ pé ẹni tí yóò gba àlejò fún ìgbà tí kò tó ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ilé náà pẹ̀lú àlejò rẹ̀, àlejò kò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ọ̀wọ́n ilé ni ó fà á níbẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ohun tí òfin náà ń bèèrè kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tí mo ń retí nígbà tí mo ké àgò. N kò rò pé irú òfin bẹ́ẹ̀ yóò ṣiṣẹ́ ní Òkòta, níbi tí ẹni tí ó ni ilé lè má gbé ní Nàìjíríà rárá. Bí onílé kò bá lè wà níbẹ̀, ó yẹ kí ẹnìkan wà tí ó ní àṣẹ láti tọ́jú àlejò, kí wọ́n sì san owó ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Nínú ilé tiwa, ẹni náà ti wà tẹ́lẹ̀. Ìyá Ìbejì ni ó yá wa ní omorogùn láti ilé rẹ̀. Òun ni ó gbé àgbá omi tuntun gun àtẹ̀gùn. Òun ni ó sọ fún wa pé kí a ṣí fèrèsé ẹ̀yìn ní agogo mẹ́fà kí atẹ́gùn lè fẹ́ wọlé, kí a sì tì í ní agogo méje kí ẹ̀fọn tó dé.

Ní ọjọ́ tí a padà dé Ìbàdàn, wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí orí fóònù àbúrò mi pé kí a fún ilé náà ní ìràwọ̀, láti ẹyọ kan títí dé márùn-ún. Oríṣiríṣi ìbéèrè ni ó wà níbẹ̀: bí ilé ti mọ́ tó, bóyá ó jọ àwòrán rẹ̀, bí àdúgbò ti rí, bóyá iye rẹ̀ tọ́. Àbúrò mi kà á sí mi létí, mo sì ń dá a lóhùn. Ní ti kí ó jọ àwòrán, mo ní kí ó fún un ní márùn-ún, nítorí ó jọ ọ́ ní gbogbo ọ̀nà. Ní ti ìmọ́tótó, márùn-ún pẹ̀lú, bí mo tilẹ̀ mọ̀ pé ìràwọ̀ náà kò ní í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín. Ní ti iye rẹ̀, mo ní méjì. Ìyàwó mi gba nọ́ńbà Ìyá Ìbejì kí a tó kúrò níbẹ̀, a sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí i ní tirẹ̀.

Ó pè wá ní alẹ́ ọjọ́ náà láti dúpẹ́. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó béèrè bóyá aró ti kúrò lára léèsì. Ó ní àlejò tuntun ti wọlé, ará Cotonou ni wọ́n, wọ́n ní ọmọ ọwọ́. Mo bi í léèrè bí iṣẹ́ ti ń lọ.

"Dádì, a dúpẹ́ o. Ọ̀gá tún kó ìrọ̀rí méjì wá ní àárọ̀ yìí. Ó ti di mẹ́sàn-án."